Irinṣẹ́ ọwọ́ fún gáráàjì ilé: èwo la ó kọ́kọ́ rà, báwo la ṣe ń dá ojúlówó mọ̀, kí la fi ń lé ìpáàrà?

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ irin ni mo fẹ́ bi. Gáráàjì kékeré kan ni, Corolla kan àti alùpùpù Boxer kan ló wà níbẹ̀. Irinṣẹ́ tó wà ò ju òòlù kan àti klé méjì tí ẹnu wọn ti fẹ̀. Ṣé àpótí ńlá tó kún fún nǹkan bí igba tí wọ́n ń tà létí títì la máa rà, àbí ká máa ṣà wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Ọ̀sà ò sì jìnnà sí wa, irin kì í pẹ́ dógùn-ún. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tẹ́ ẹ wà láàárín wa, klé tiwa ni sípánà tiyín, tunafíìsì wa ni sukudiráfà yín. Ká má jà lórí orúkọ.

Klé17 (Kétu)

Ẹ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí àpótí yẹn kẹ́ ẹ sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ á jẹ́ orí tunafíìsì kéékèèké, lẹ́yìn ìyẹn ni sọ́kẹ́ẹ̀tì 4, 4.5, 5 tí ọkọ̀ yín ò ní bọ́ọ̀tì tó bá a mu. Klíkẹ́ inú rẹ̀, ìyẹn ọwọ́ tó ń ké tá-tá-tá, ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́ nítorí eyín inú rẹ̀ rọ̀. Tó bá ti yọ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì yòókù di ọmọ òrukàn.

Fún Corolla àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù, nọ́ńbà tó ṣe kókó (mìlímítà ni gbogbo wọn) ni 8, 10, 12, 14, 17 àti 19. Tó bá jẹ́ Peugeot tàbí Renault ni, 13, 16 àti 18 á wọlé, 12 àti 14 á sinmi. Klé tí ẹnu kan rẹ̀ là, tí ẹnu kejì rí róbótó, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ ra 10, 12 àti 14 ní méjì méjì, torí níbi tí bọ́ọ̀tì ti la irin kọjá lọ bá nọ́ọ̀tì lódì kejì, klé kan ń di orí mú, èkejì ń tú ìdí. Ẹnu róbótó lẹ ó fi já a, ẹnu tó là lẹ ó fi yí i kíákíá lẹ́yìn tó bá ti rọ̀. Ẹni tó bá fi ẹnu tó là bẹ̀rẹ̀ ló ń jẹ igun nọ́ọ̀tì.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun 6 ni kẹ́ ẹ mú. Onígun 12 máa ń tètè wọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bá igun nọ́ọ̀tì ló ń tì, kì í gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún kò lè gba ìyẹn. Ní ti ihò onígun mẹ́rin tí klíkẹ́ ń wọ̀, 3/8 ínǹṣì ló dára fún inú ẹ́ńjìnnì, 1/2 ínǹṣì fún táyà àti abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla jẹ́ 21. Ẹ ra sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ bèèrè iye eyín klíkẹ́ náà. Eléyín 72 kò fẹ́ ju dìgírì 5 lọ kó tó bọ́ sí eyín tó kàn. Eléyín 24 ń fẹ́ dìgírì 15. Níbi tí ọwọ́ ò ti ráàyè yí, dìgírì 10 yẹn ló ń sọ bóyá ẹ ó tú u tàbí ẹ ó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi klíkẹ́ já ohun tó ti lẹ̀, ẹ má sì ki páìpù bọ̀ ọ́ nídìí kó lè gùn. Ọ̀pá tí kò léyín, tó gùn tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ọmọ_Ìdèná (Kétu)

Ẹ má gbàgbé klé búgì (plọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì). Tó bá jẹ́ ti iléeṣẹ́ NGK, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀: B lásán tàbí BP ń lo 21 (20.8 gan-an ni), C ń lo 16, D ń lo 18. BK àti BC náà, 16 ni. Rọ́bà inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Bí rọ́bà ò bá sí, búgì á já bọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á jáde, táńganran rẹ̀ á sì sán láìjẹ́ pé ojú rí i.

Ọ̀rọ̀ tunafíìsì alágbèélébùú tún rèé. Oríṣi mẹ́ta ló jọra bí ẹ̀ta-òkò: Phillips (PH), Pozidriv (PZ), àti JIS ti àwọn ará Jàpáànù. Tẹ́ ẹ bá ki PH sínú skúrù JIS, kì í kanlẹ̀. Ó ń gun òkè, ó sì ń jẹ ihò skúrù. Alùpùpù Yamaha, Honda àti Suzuki àtijọ́ kún fún un, àmì rẹ̀ ni ojú róbótó kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n lù sí orí skúrù náà. Pozidriv ní ìlà tín-ín-rín mẹ́rin láàárín apá àgbélébùú rẹ̀. Skúrù kọ́bọ́ọ̀dù àti ilẹ̀kùn tó ti Yúróòpù wá ló ń lò ó, PZ2 ló sì pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lowó ká, JIS 2 ni kẹ́ ẹ rà: ó ń wọ skúrù PH dáadáa, PH ni kì í wọ tirẹ̀.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣé gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni, ṣé tuntun ni àbí àlòkù? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ nínú òkìtì irin lọ́jà?

Òkìtì_Irin (Àjárà)

Ibi tí adùn rẹ̀ wà gan-an nìyí. Kútọnu ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù Yúróòpù ń gbà wọlé, irinṣẹ́ sì ń bá wọn wá. Ẹni tó bá ní sùúrù láti tú òkìtì lè rí klé Facom, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní 1918, tàbí Gedore àti Hazet, àwọn méjèèjì ará Remscheid ní Jámánì. Bẹ́ ẹ bá rí ayùn tó ní kìnnìún Peugeot lára, ẹ má rẹ́rìn-ín: ara ayùn ni kìnnìún yẹn ti bẹ̀rẹ̀. 1858 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ Peugeot kankan ò tíì sí láyé nígbà náà.

Ẹ mú bọ́ọ̀tì tuntun mẹ́ta sápò, 10, 13 àti 17, kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ kì í sínú ẹnu klé. Tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ẹ wo kọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti pàdé, ibẹ̀ ló ń sán sí. Bí ara bá ń fu yín, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ẹfun kùn ún. Kẹrosíìnì tó ti wọ inú sísán á fà jáde, ìlà dúdú á sì yọ lára ẹfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo ìdí klé náà pẹ̀lú. Tí ojú òòlù bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹnìkan ti ń lù ú, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ gbé e kọ́ ìka, kẹ́ ẹ fi irin mìíràn kàn án. Irin tí wọ́n rọ tó sì le á dún gooro, á pẹ́ kó tó dákẹ́. Èyí tó sán á dún bí ìkòkò fífọ́. Ayédèrú a máa ní lẹ́tà tó wọ́ tàbí tí kò jinlẹ̀, kúróòmù rẹ̀ á sì nípọn débi tí igun inú ẹnu rẹ̀ fi rí bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Igun inú klé tó dáa máa ń mú.

Klé àmọlẹ́ẹ̀tì (èyí tí à ń fi ìka yí ẹnu rẹ̀): ẹ ṣí i dé ìdajì, ẹ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń rìn mú, kẹ́ ẹ mì ín sókè sódò. Bó bá jó ju ìbú èékánná lọ, nọ́ọ̀tì lẹ ó máa fi í bàjẹ́. Pẹ́ńsì: ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ gbé e síwájú oòrùn. Ṣóńṣó ẹnu ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ara wọn.

Etó (fáìsì, tó ń di irin mú lórí tábìlì) ni ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sùúrù wá jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó 10 sí 12 sẹ̀ǹtímítà tó fún ilé. Ẹ ṣí i tán pátápátá kẹ́ ẹ wo ọ̀pá inú rẹ̀, torí àárín ọ̀pá náà ló ń jẹ, kì í ṣe ìpẹ̀kun. Ẹ wá ojú wẹ́dà lábẹ́ rẹ̀: irin dídà tí wọ́n bá fi wẹ́dà lásán lẹ̀ kì í pẹ́ tún sán lẹ́bàá ibẹ̀. Ìpáàrà ojú ara, ẹ má kà á sí. Ẹ fi í já owó ni.

Klé17 (Kétu)

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí kún un: ìwọ̀n ínǹṣì pọ̀ nínú òkìtì yẹn. 5/16 lè ṣe iṣẹ́ 8, torí 7.94 ni. 3/4 lè ṣe iṣẹ́ 19, 19.05 ni. Ó tán síbẹ̀ fún iṣẹ́ agbára. 1/2 jẹ́ 12.7, á jó lórí nọ́ọ̀tì 12, kò ní wọ 13. 9/16 jẹ́ 14.29, yóò wọ 14 bí ẹni pé òun ló ni ín, títí tẹ́ ẹ ó fi fi agbára sí i. Ẹ so oníínǹṣì lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kun ìdí wọn ní pupa.

Kì í sì í ṣe gbogbo nǹkan là ń ra àlòkù rẹ̀. Fáìlì, abẹ ayùn irin, klé Allen (ọ̀pá onígun 6 tó tẹ̀ bí L), gbogbo èyí tí eyín tàbí igun ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tuntun ni kẹ́ ẹ rà.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Abẹ ayùn irin, èwo nínú wọn? Wọ́n pọ̀ lórí igbá.

Ọmọ_Ìdèná (Kétu)

Iye eyín nínú ínǹṣì kan ni wọ́n kọ sí i lára. 18 fún irin tó nípọn, 24 fún páìpù àti igun irin, 32 fún páànù. Eyín mẹ́ta ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí irin lẹ́ẹ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eyín á há, á ká. Eyín kọjú síwájú. Títì ló ń gé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á padà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òkè (Ṣábẹ)

Ẹ̀yin ará ọ̀sà, ọ̀rọ̀ èèkù lẹ kò fọwọ́ kàn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, igi á gbẹ, á sún kì, orí òòlù á sì máa mì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n rì í sínú omi mọ́jú. Ó ń dì lóòótọ́, fún ọjọ́ mélòó kan. Igi tó wú nínú ihò irin kò ríbi wú sí, nítorí náà iṣan rẹ̀ ń fọ́ mọ́ra. Tó bá tún gbẹ, á kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é lọ́nà tó tọ́: ẹ yọ orí rẹ̀, ẹ gbẹ́ èèkù náà wọlé síwájú sí i, ẹ fi ayùn la orí igi náà dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjìnlẹ̀ ihò, ẹ wá fi ègé igi gbígbẹ há a ní ìbámu pẹ̀lú gígùn ihò náà. Ègé irin kékeré ni yóò wá dábùú rẹ̀. Ẹ gé ohun tó yọ sókè dànù, kẹ́ ẹ fi epo kun ojú igi náà kó má lè tètè gbẹ.

Igi wo? Àyìn. Ó le, ó sì ń gba ìjayà láìṣẹ́. Tíìkì pọ̀ níbi gbogbo, ó sì rọrùn láti gbẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ́ lójijì, ẹ má fi ṣe èèkù òòlù. Iṣan igi gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà láti orí dé ìdí. Bó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ láàárín, ibẹ̀ ló máa ti ṣẹ́.

Ẹ má sì fi òòlù lu òòlù. Ojú méjèèjì le, ọ̀kan á fò, ojú ẹni ló ń wá lọ.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Ó yé mi. Ní ti ìpáàrà ńkọ́? Àwọn kan ní ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀.

Òkìtì_Irin (Àjárà)

Ọsàn wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Iyọ̀, rárá! Iyọ̀ á yára iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n á wọ inú ihò wẹ́wẹ́ ara irin, ìpáàrà á sì padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Fínígà funfun rọrùn jù. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gíríìsì kúrò, torí fínígà kì í la gíríìsì kọjá. Ẹ rì í pátápátá: bí ìdajì bá yọ síta, ìlà á jẹ síbi tí omi ti parí. Wákàtí 12, ẹ yọ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Bó bá kù, ẹ dá a padà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí 24 láìyẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn irin fúnra rẹ̀ ló ń jẹ. Lẹ́yìn náà ẹ fi ṣíbí bikàbọ́nétì méjì sínú lítà omi kan, kẹ́ ẹ fi ṣan án, kí kíkan rẹ̀ lè kú. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan án kẹ́yìn, ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn, kẹ́ ẹ kun epo sí i kó tó tutù. Ẹni tó bá ní òun ó jẹun ná kóun tó kun epo, ara irin á ti pọ́n kó tó padà dé.

Ohun tó ní sípíríǹgì nínú, ẹ má rì í sínú nǹkan kíkan. Kíkan ń mú kí irin líle gan bí àwo, á ṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Klé tí kúróòmù rẹ̀ ti ń ṣí náà, búrọ́ọ̀ṣì àti epo tó fún un, torí fínígà á gba abẹ́ kúróòmù wọlé.

Klé17 (Kétu)

Fún etó tàbí ohun ńlá, iná mànàmáná ló dùn. Garawa oníke, omi, sódà ìfọṣọ ṣíbí ìjẹun kan fún lítà 4. Ẹ̀rọ tí à ń fi gbaná sí bátìrì ọkọ̀, 12 fóòtì. Okùn dúdú (−) lọ sára irinṣẹ́, okùn pupa (+) lọ sára irin àlòkù kan tẹ́ ẹ lè sọ nù. Irin méjèèjì kò gbọdọ̀ kanra wọn. Bẹ́ ẹ bá ṣì wọ́n gbé, irinṣẹ́ yín gan-an ni omi náà á jẹ. Ní wákàtí mélòó kan ìpáàrà á ti di ẹrẹ̀ dúdú tí búrọ́ọ̀ṣì ń gbá kúrò.

Ẹ má lo irin aláìdógùn-ún, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí, ní ìdí pupa yẹn. Kúróòmù inú rẹ̀ á di májèlé nínú omi. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é: háídírójìn ló ń hó jáde, sìgá kan tó láti jó irùngbọ̀n.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òkè (Ṣábẹ)

Ṣé káún ò lè ṣe é dípò sódà?

Klé17 (Kétu)

Ohun tó wà nínú káún jẹ́ ẹbí sódà ìfọṣọ lóòótọ́, iná á gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n iyanrìn àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ yẹn ni a kò fẹ́. Bikàbọ́nétì dára jù ú lọ: ẹ dà á sínú agbada gbígbẹ lórí iná, ẹ máa rò ó títí tí kò fi hó mọ́, ó ti di sódà ìfọṣọ nìyẹn.

Òkìtì_Irin (Àjárà)

Epo tẹ́ ẹ ó kun, ẹ́ńjìn-ọ́ìlì tuntun díẹ̀ lórí àkísà, kó má ṣàn. Ẹ́ńjìn-ọ́ìlì tí ọkọ̀ ti lò ní kíkan àti èérí nínú, kò dára fún irin, kò dára fún awọ ara. Òróró sọ́yà á gan bí gọ́ọ̀mù lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Òrí àti àdín kì í gan bẹ́ẹ̀. Òrí dára lórí ojú ìfági àti ṣísẹ́ẹ̀lì, àfi pé eruku fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má gbé omi Jàfẹ́ẹ̀lì (bílíìṣì), ásíìdì bátìrì tàbí ajílẹ̀ sínú yàrá kan náà pẹ̀lú irinṣẹ́. Ooru wọn nìkan tó.

Ọmọ_Ìdèná (Kétu)

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ alágbẹ̀dẹ! Ṣísẹ́ẹ̀lì irin, ohun ìlu ihò, ọ̀pá ìgbénǹkan: ẹ má ra ti ọjà, ẹ gbé sípíríǹgì pẹlẹbẹ ọkọ̀ ńlá lọ bá alágbẹ̀dẹ. Irin yẹn ni irin. Ẹ ní kó rọ ọ́ gígùn 18 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Nígbà tó bá fẹ́ mú un le, sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4 lẹ́nu nìkan ni kó kóná. Tó bá ti pọ́n bí ẹyìn tó pọ́n, kó fi òòfà kàn án. Nígbà tí òòfà ò bá dì í mú mọ́, ó tó. Kó rì í sínú epo, kó má ṣe rì í sínú omi, torí omi máa ń sán irú irin yẹn. Ó ti le, ṣùgbọ́n ó gan bí ìgò. Kó ha ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán, kó fún ìdí rẹ̀ ní iná díẹ̀díẹ̀, kó máa wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ wá sẹ́nu: àwọ̀ pòròpórò ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àlùkò, lẹ́yìn náà aró. Ohun tí a ó máa fi òòlù lù, kó dá a dúró nígbà tí àlùkò bá dé ẹnu.

Orí tí òòlù ń bà, kó fi í sílẹ̀ ní rírọ̀. Nígbà tó bá wá yọ etí bí olú, ẹ fi fáìlì gbá etí náà kúrò kó tó fò mọ́ ẹnìkan lójú. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ ìpọ́nrin lẹ fi ń pọ́n ẹnu, ẹ máa tì í bọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí aró bá yọ lẹ́nu níbẹ̀, líle rẹ̀ ti lọ, ẹ padà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Sípíríǹgì wà lẹ́yìn ilé! Ìbéèrè méjì tó kù: ibi tí a ó tò wọ́n sí, àti àwọn aládùúgbò tó ń yá nǹkan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Òkè (Ṣábẹ)

Pátákó lára ògiri. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀, torí bíríkì Àjàṣẹ́ máa ń mumi. Ẹ fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí ikán. Ẹ tò wọ́n tán sílẹ̀ ná, ẹ lo wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó kan ìṣó, torí ọwọ́ ló mọ ibi tó fẹ́ kí 10 wà. Lẹ́yìn náà ẹ fa ìlà yí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ká, ẹ kun inú ìlà náà. Èyí tí kò bá sí nílé, òjìji rẹ̀ á máa wò yín.

Fáìlì kì í sùn lórí fáìlì, eyín wọn ń jẹra wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkísà rẹ̀. Ẹ fi ẹfun kun ojú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó, kí ẹ̀rún irin má baà há sí i.

Klé17 (Kétu)

Fún àwọn ayánǹkan: ẹ gé ike kéékèèké, ẹ lu ihò sí i. Ẹni tó bá mú klé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sórí ike kan, kẹ́ ẹ fi kọ́ ìṣó tí klé náà kúrò. Ẹ fi téèpù tí wọ́n fi ń di wáyà iná, àwọ̀ kan náà, yí ìdí gbogbo irinṣẹ́ yín. Klé tó ń fi iye agbára hàn nìkan ni kẹ́ ẹ má yá ẹnikẹ́ni.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Ṣé ilé nílò ìyẹn?

Klé17 (Kétu)

Tẹ́ ẹ bá ń tú búgì àti táyà fúnra yín, bẹ́ẹ̀ ni. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 103 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan). Búgì kékeré ti C, 10 sí 12 Nm péré, nínú alumíníọ́ọ̀mù. Ọwọ́ lásán máa ń kọjá ibẹ̀, tíréèdì á sì bá búgì jáde. Dídì nìkan la fi ń ṣe, ẹ má fi tú nǹkan. Tẹ́ ẹ bá sì lò ó tán, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí èyí tó kéré jù lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e sínú àpótí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sípíríǹgì inú rẹ̀ á rẹ̀, irọ́ ni yóò sì máa pa fún yín.

Ará_Wandó (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjà Àjárà tó ń bọ̀, bọ́ọ̀tì mẹ́ta sápò, ẹfun sápò kejì.